Ta Ni Ó Ni Ilẹ̀ Náà? Àyẹ̀wò Ìlò Èdè Nínú Ìkéde Ilé àti Ilẹ̀ Títà ní Ìbàràpá

Ìfáárà

Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìpolówó ọjà láàárín àwọn Yorùbá, ohun tí ó sábà máa ń wá sí wọn lọ́kàn ni igbe ẹlẹ́kọ, ti oníyán àti ti onímọ́ínmọ́ín: ìpolówó tí a ń fi ohùn ké, tí ó ní ìwọ̀hùn tirẹ̀, tí ó sì ń mú kí itọ́ máa yọ lẹ́nu olùrà kí ó tó rí ohun tí a ń tà. Ohun tí iṣẹ́ yìí gùn lé yàtọ̀ sí èyí. A fẹ́ ṣe àyẹ̀wò irú ìkéde kan tí kò ní ohùn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì kà kún iṣẹ́ èdè rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tí ó ń ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá kì í ṣe kékeré. Ìkéde náà ni èyí tí a fi ń sọ pé ilé tàbí ilẹ̀ wà tí a fẹ́ tà tàbí tí a fẹ́ fi háyà.

Ìbàràpá ni a ti mú àpẹẹrẹ wa, èyí ni ìlú méje tí í ṣe Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngan, tí wọ́n wà láàárín Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìsẹ́yìn. A kò yan ibẹ̀ nítorí pé òwò ilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Èkó àti Ìbàdàn jù ú lọ fíìfíì. A yàn án nítorí pé ojú wa ni ilẹ̀ ègúsí àti ẹ̀gẹ́ ṣe ń di ilẹ̀ tí a ń fi okùn wọ̀n tà níbẹ̀, tí èdè tí a fi ń tà á kò sì tíì gbó. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ kan ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ibi tí kò tíì le koko ni ó yẹ kí ó lọ.

Orí ògiri, orí pátákó ẹ̀bá ọ̀nà àti inú àwọn iṣẹ́ tí àwọn alágbàtà ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù ni a ti rí àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó yẹ̀ wò. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí ọ̀rọ̀ ni a ń yẹ̀ wò, a kì í ṣe adájọ́. Èrò wa ni pé ònkàwé méjì ni ìkéde ilẹ̀ ní. Èkíní ni ẹni tí ó fẹ́ rà á. Èkejì ni ẹbí ẹni tí ń tà á. Ìkéde tí kò bá yé àwọn méjèèjì, bí ó ti wù kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn tó, kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú ohun tí a ń rí ní Ìbàràpá lónìí, olùrà nìkan ni ó kọjú sí, olùrà náà kì í sì í sábà jẹ́ ará Ìbàràpá.

Ilẹ̀ kì í ṣe ọjà orí àtẹ

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè ìdí tí ìpolówó ilẹ̀ kò fi ní àwòṣe nínú àwọn ìpolówó tí a jogún. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí àwọn àgbà ń lò fún ilẹ̀ kì í ṣe 'tà'. 'Fún' ni wọ́n ń lò, tàbí 'fi hàn': a fi ilẹ̀ han àlejò kí ó máa dáko, àlejò a sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ ní ọdọọdún nínú ohun tí ó bá kórè. Ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe owó ilẹ̀. Ẹ̀rí ni. Àlejò ń fi í sọ pé òun mọ ẹni tí ó ni ibi tí òun dúró sí, òun kò sì ní gbàgbé. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹni tí yóò kígbe ilẹ̀ kiri kò sí, nítorí ẹni tí ó fẹ́ ilẹ̀ ni ó ń wá onílẹ̀ lọ.

Èkó ni èyí ti kọ́kọ́ yí padà. Lẹ́yìn àdéhùn ọdún 1861 tí Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ènìyàn ní ìwé ilẹ̀ ní orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ sì di ohun tí orúkọ kan ṣoṣo lè gbé lọ sí ọjà. Ṣùgbọ́n èrò àtijọ́ kò kú. Nígbà tí ẹjọ́ Àmódù Tìjání, Olóyè Olúwa, dé iwájú ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí Herbert Macaulay bá a rìnrìn àjò lọ ní 1920, ìdájọ́ tí ó jáde ní 1921 gbà pé èrò pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ni ilẹ̀ jẹ́ àjèjì sí àwọn ènìyàn wa; àwùjọ, abúlé tàbí ẹbí ni ó ni ín, olórí wọn sì dà bí alágbàtọ́. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 wá fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà láti máa tọ́jú rẹ̀ fún ará ìlú, ó sì fún ìjọba ìbílẹ̀ ní agbára lórí ilẹ̀ tí kò sí nínú ìlú ńlá. Síbẹ̀, bí o bá wọ agboolé kan ní Igbó-Ọrà lónìí tí o béèrè ẹni tí ó ni ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, wọn kò ní dárúkọ gómìnà fún ọ.

Ọ̀nà kan ni ó wà tí ilé fi ń di ohun tí a ń kígbe tà ní gbangba kí pátákó ìkéde tó gbòde. Gbànjo ni. Agogo gbànjo kì í dún láìsí gbèsè nídìí rẹ̀. Ilé tí a bá lù ní gbànjo ti di ilé tí ojú ti onílé rẹ̀. Mo gbà pé ìtìjú gbànjo yìí ṣì wà lára àwọn ìkéde òde òní, òun ni ó sì fà á tí ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ fi máa ń sọnù nínú wọn, èyí ni orúkọ ẹni tí ń tà. Ka pátákó mẹ́wàá, wàá rí nọ́ńbà fóònù mẹ́wàá. Kò dájú pé wàá rí orúkọ ẹbí kan.

Ọ̀rọ̀ tí a yá, ìtumọ̀ tí ó ṣìnà

Níwọ̀n ìgbà tí kò sí àwòṣe nílé, àwọn alágbàtà lọ yá ti òde. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ta ilẹ̀ ní Èkó ni wọ́n yá, wọ́n sì kó o wá sí Ìbàràpá bí ó ti wà. A kò lòdì sí àyálò. Èdè tí kò yá ọ̀rọ̀ kò sí láyé. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé ọ̀rọ̀ tí a yá máa ń fi ìdí tí a fi dá a sílẹ̀.

Ẹ wo 'dry land'. Ní Èkó, ọ̀rọ̀ yìí kún fún ìtumọ̀. Ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ ní etí ọ̀sà tí kò sì béèrè bóyá ó gbẹ lè ra ẹrẹ̀, kí ó sì ná iye owó tí ó fi rà á lẹ́ẹ̀mejì láti fi iyanrìn dí i. Ní Ìbàràpá ńkọ́? Ọ̀dàn ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀, òkúta sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ilẹ̀ tí kò gbẹ níbẹ̀ ni yóò wá a títí. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ nǹkan kan fún olùrà. Èyí tí ó tún burú ni ìgbà tí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Mo ti rí 'ilẹ̀ gbígbẹ' lára pátákó kan. Bí àgbẹ̀ Lánlátẹ̀ bá ka èyí, ohun tí yóò yé e ni ilẹ̀ tí kò ní ọ̀rinrin, tí ẹ̀gẹ́ kò ní ta nínú rẹ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ rò pé òun ń yin ọjà òun; bíbú ni ó ń bú u.

Bẹ́ẹ̀ sì ni èdè wa kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún irú ilẹ̀. Ẹgàn yàtọ̀ sí igbó, igbó yàtọ̀ sí ọ̀dàn, àkùrọ̀ yàtọ̀ sí ilẹ̀ tí ó ti ṣá. Ilẹ̀ yangí wà, ilẹ̀ oníyanrìn wà, ilẹ̀ tí àpáta sùn sábẹ́ rẹ̀ wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń sọ fún ẹni tí yóò kọ́lé bí ìpìlẹ̀ yóò ti jìn tó, ó sì ń sọ fún ẹni tí yóò dáko ohun tí yóò gbìn. Nínú gbogbo ohun tí a kà fún iṣẹ́ yìí, 'yangí' kò jáde nínú ìkéde kankan. 'Tastefully finished' jáde. Ta ni ó tọ́ ọ wò?

Ọ̀rọ̀ 'serene environment' ni ó gba àròjinlẹ̀ jù. Àwọn tí ó ń túmọ̀ rẹ̀ máa ń kọ 'ibi tí ó dákẹ́ rọ́rọ́' tàbí 'ibi tí ó parọ́rọ́'. Ìdákẹ́jẹ́ jẹ́ ohun rere fún ẹni tí ariwo Èkó ti sú. Ṣùgbọ́n nínú èdè wa, ilé tí ó dákẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ kì í ṣe ilé ayọ̀. Ilé tí ó kún ni a ń gbàdúrà fún. Èyí tí ó bá dá páropáro, ohun kan ni ó ṣe é. Ní Ìbàràpá, ọ̀rọ̀ yìí tún ti gba ìtumọ̀ tuntun. Ní òru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn agbébọn wọ Ìgàngan, wọ́n pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì sun ilé. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ń wá ilẹ̀ oko ní agbègbè náà kì í béèrè bóyá ibẹ̀ parọ́rọ́. Ó ń béèrè ẹni tí ó ń gbé nítòsí, bóyá àwọn ọdẹ ń ṣọ́ ibẹ̀, bóyá a ń gbọ́ ohùn ènìyàn láti ibẹ̀. Alágbàtà tí ó bá kọ 'ibi tí ó parọ́rọ́' sínú ìkéde ilẹ̀ oko lẹ́yìn Ìgàngan ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé oníbàárà lọ. 'Ó ní aládùúgbò' ni ìbá kọ, kí ó sì dárúkọ abúlé tí ó sún mọ́ ọn jù lọ.

Ọ̀rọ̀ omi fara jọ èyí. 'Omi wà' ni a ń kọ, a kì í sì í sọ irú omi tí ó jẹ́. Ìdèrè jẹ́ ìlú tí sòbìyà sọ di mímọ̀ láàárín àwọn oníṣègùn ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1990, tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn fi ṣe ibi iṣẹ́ wọn, nítorí pé omi adágún ni ọ̀pọ̀ ń mu. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 2013 pé sòbìyà ti kúrò ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò kúrò ní ọkàn àwọn ìyá ibẹ̀. Lójú wọn, 'omi wà' kì í ṣe ìdáhùn. Kànga ni àbí ẹ̀rọ? Bí ó bá jẹ́ kànga, ṣé ó máa ń gbẹ ní oṣù kejì? Gbólóhùn bí 'kànga tí kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn' kò ju ọ̀rọ̀ mélòó kan lọ, ó sì lágbára ju gbogbo ẹ̀yán olóyinmọmọ tí a lè tò lọ. Bákan náà ni 'ìṣẹ́jú díẹ̀ sí ojú títì'. Ìṣẹ́jú ta ni? Ti ẹlẹ́sẹ̀ ni àbí ti ọlọ́kadà? Ti oṣù kìíní ni àbí ti oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ọ̀nà bá ti di ẹrẹ̀?

Ìwọ̀n ni ibi tí àṣìlò ọ̀rọ̀ ti ń di owó gan-an. 'Pulọ́ọ̀tì kan' ni gbogbo ènìyàn ń kọ. Ní Èkó, pulọ́ọ̀tì sábà máa ń jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti 120 ní òró. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀, 50 àti 100 ni. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 7,200 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó, ti èkejì jẹ́ 5,000. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn jẹ́ 2,200, èyí tí yàrá mélòó kan lè dúró sí. Eékà kan, tí í ṣe 43,560, yóò di pulọ́ọ̀tì mẹ́fà bí a bá fi ti Èkó pín in; yóò lé ní mẹ́jọ bí a bá fi ti Ìbàdàn pín in, a kò sì tíì yọ ojú ọ̀nà kúrò nínú rẹ̀. Olùrà tí ó ti Èkó wá ń ka 'pulọ́ọ̀tì', ti Èkó ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tí ń tà ń kọ ọ́, ti Ìbàdàn ni ó wà lọ́kàn tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò, ilẹ̀ méjì ni wọ́n ń rò. Nọ́ńbà méjì péré tí a bá kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà ni ìbá parí ìjà yìí kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Nípa ilé háyà, a kò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Igbó-Ọrà àti ti Pólì Adéṣeun Ògúndoyin ní Èrúwà ni ó ń háyà yàrá jù, èdè 'self-contain' sì ti yé tonílé tayálégbé. Ó tilẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ Yorùbá lẹ́nu wọn. Ọ̀rọ̀ tí a yá tí ó ti bá wa gbé, tí gbogbo ẹni tí ó ń lò ó mọ ohun tí ó dúró fún, kò ní ẹjọ́ lọ́dọ̀ wa.

'Ilé yìí kì í ṣe títà'

Bí a bá ń wá ìkéde tí a kọ ní Yorùbá tí ó sì kógo já, orí ògiri àwọn ilé tí a kò tà ni a ó ti rí i. Ó sábà máa ń jẹ́ pé nígbà tí a bá ń tà, Gẹ̀ẹ́sì ni a ń lò. Nígbà tí a kò bá tà, a ń padà sí Yorùbá. Gbólóhùn náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba ìlú Yorùbá kọjá: 'Ilé yìí kì í ṣe títà.' Nígbà mìíràn a ó fi 'Ẹ ṣọ́ra fún gbájúẹ̀' kún un.

Ó yẹ kí a wo gbólóhùn yìí dáadáa. Ọ̀nà mẹ́ta mìíràn ni ó kéré tán tí a lè gbà sọ ohun tí ó jọ ọ́. A lè sọ pé 'A kò ta ilé yìí'. A lè sọ pé 'A kì í ta ilé yìí'. A sì lè sọ pé 'Ilé yìí kò ṣe é tà'. Nínú méjì àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ 'a' ni olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe 'tà' ni a sì yí sódì. Ènìyàn wà nídìí gbólóhùn náà; ibi tí ènìyàn bá wà, a lè bá a sọ̀rọ̀, a lè fi owó tù ú lójú. Ẹ̀kẹta ń sọ nípa ìṣòro: ó lè túmọ̀ sí pé àwọn kan gbìyànjú láti tà á tí kò bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nínú 'Ilé yìí kì í ṣe títà', ilé gan-an ni olùwà. 'Títà' kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe mọ́. Àpètúnpè ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, ó sì dúró fún irú ohun kan. Ohun tí gbólóhùn náà ń yí sódì ni pé ilé yìí wà lára irú ohun bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń kọ̀, kò sí àsìkò nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí a lè rọ̀ pé kí ó yí ọkàn padà.

Kì í ṣe inú ìwé gírámà nìkan ni mo ti mọ ìyàtọ̀ yìí. Ní ilé baba bàbá mi ní Èrúwà, gbólóhùn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sí ògiri ni 'A kò ta ilé yìí'. Ọmọ ilé ni ẹni tí ó ń gbìyànjú láti tà á. Nígbà tí ó mú àwọn tí ó fẹ́ rà á wá, wọ́n rí àkọlé náà, wọ́n sì béèrè. Ó dá wọn lóhùn pé òun wà lára 'a' tí ó kọ ọ́, pé ìgbà tí àwọn kò tíì fẹ́ tà á ni àwọn kọ ọ́. Kò parọ́ nípa gírámà. Wọ́n san àsansílẹ̀, ó sì pẹ́ kí ẹbí tó rí ọ̀rọ̀ náà yanjú, kí wọ́n sì tó dá owó àwọn aláìmọ̀kan náà padà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tí kò kàwé ju ìwé mẹ́fà lọ ni ó sọ pé kí wọ́n pa àkọlé yẹn rẹ́, kí wọ́n kọ ti gbogbo ayé.

Orúkọ tí ó sọnù

Bí ìkéde tí ń sọ pé a kò tà bá lè pé pérépéré báyìí, kí ni ó dé tí èyí tí ń sọ pé a ń tà fi ń kù díẹ̀ káàtó? Ìdáhùn wa ni pé ẹni tí ó kọ èyí àkọ́kọ́ mọ ẹni tí ó ń bá wí. Ó ń bá àlejò wí, ó sì ń bá ọmọ ilé wí, Yorùbá sì ni ó yé àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó kọ pátákó 'Land for sale' kò fẹ́ kí ọmọ ilé gbọ́. N kò sọ pé gbogbo wọn ni ó ń fi nǹkan pamọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kàn ń ṣe bí wọ́n ti rí i tí a ń ṣe ní Ìbàdàn ni. Ṣùgbọ́n àwòṣe tí wọ́n tẹ̀ lé ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ fi nǹkan pamọ́: kò sí orúkọ, kò sí ààlà, èdè rẹ̀ kò yé ìyá àgbà tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tí òun gan-an sì mọ ẹni tí baba rẹ̀ fi ilẹ̀ náà hàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹwà èdè nìkan. Ìlànà tí àwọn ilé ẹjọ́ wa ń tẹ̀ lé, tí ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ti ọdún 1959 fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, ni pé bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí ọwọ́ olórí ẹbí níbẹ̀, asán ni títà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí olórí ẹbí bá tà á láìgba ohùn àwọn àgbà ẹbí, títà náà dúró, ṣùgbọ́n àwọn tí kò fi ohùn sí i lè lọ sí ilé ẹjọ́ kí wọ́n sì wó o. Èyí túmọ̀ sí pé ohun tí olùrà nílò láti mọ̀ jù lọ kì í ṣe bóyá ilẹ̀ gbẹ tàbí ó parọ́rọ́. Ẹni tí ó ń tà ni ó nílò láti mọ̀, àti àwọn tí ó fi ohùn sí i. Ìbéèrè yìí gan-an ni ìkéde tí a yá láti Èkó kò ní àyè fún, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ kọ irú ìkéde bẹ́ẹ̀ máa ń tọ́ka sí ìwé tí gómìnà fi ọwọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní Ìbàràpá kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn ni ìwé rẹ̀.

Àwọn alágbàtà tí mo bá sọ̀rọ̀ ní èsì méjì sí èyí. Èkíní ni pé bí a bá dárúkọ ẹbí sí gbangba, ìjà ni a ń pè. Gbogbo ọmọ ẹbí tí ó wà ní Èkó àti Àgégè yóò sọ̀ kalẹ̀ láti wá gba ìpín. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìjà náà ń bọ̀ lọ́nàkọnà, ohun tí ó kù ni bóyá kí ó dé kí owó tó yí ọwọ́ padà ni tàbí lẹ́yìn tí olùrà bá ti fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀. Èkejì ni pé pátákó kò láàyè, ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ kò sì ní dúró ka ìwé. Èyí lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, n kò sì lè fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Pátákó ẹ̀bá ọ̀nà lè kúrú. Ṣùgbọ́n àkọlé tí ó wà lórí ilẹ̀ náà gan-an, tí ẹlẹ́sẹ̀ ń kọjá níwájú rẹ̀ láràárọ̀, kò ní ìdí kankan láti kúrú bẹ́ẹ̀, ti orí fóònù kò sì ní rárá.

Láti dán èrò yìí wò, a kọ ìkéde kan fúnra wa, fún ilẹ̀ tí a fi ọkàn yà, tí a sì fi àlàfo sílẹ̀ fún orúkọ:

'Ẹbí … ni ó ń ta ilẹ̀ yìí. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí fi ohùn sí i. Ìbú rẹ̀ jẹ́ 50 ẹsẹ̀ bàtà, òró rẹ̀ jẹ́ 100. Oko ẹbí … ni ààlà rẹ̀ lókè, odò ni ààlà rẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ yangí ni. Kànga tí ó wà nítòsí máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọkọ̀ ń dé ibẹ̀ ní àkókò òjò. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, kí ó wá sọ ọ́ ní agboolé … kí oṣù yìí tó parí.'

Kò sí ẹ̀yán ìyìn kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò sí ọlọ́jà tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbólóhùn ti kànga sílẹ̀, a sì lè yọ ọ́ kúrò kí ìkéde náà má ṣàìdúró. Gbólóhùn tí kò ṣe é yọ ni èyí tí ó gbẹ̀yìn. Òun ni ó ń bá ònkàwé kejì sọ̀rọ̀, òun náà sì ni ó fi ọkàn ònkàwé kìíní balẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá jí nǹkan tà kì í pe olóhun wá wò ó.

Mo mú un lọ fún ẹnì kan tí ń kọ àkọlé ní Èrúwà, kí n lè mọ bóyá ó ṣe é kọ sórí páálí tàbí páànù. Ó kà á títí dé ìsàlẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, ó sì bi mí pé ta ni mo rò pé yóò dúró ka gbogbo rẹ̀. Mo ní àbúrò ẹni tí ń ta ilẹ̀ ni.